Ooru Inú Yàrá Ẹ̀yìn

Ìyá ọmọ wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ilé yín. Mo lérò pé ara yín le, àti pé ọmọ wa ń ṣe dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ tuntun tí mo gbọ́ pé ó rí. Ara tèmi kò burú fún ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Yóò yà yín lẹ́nu pé èmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ yín àtijọ́, ni mo ń fi "ẹ" bá yín sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àṣìkọ. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, n kò sì lè jókòó sórí àga àgbà kí n máa bẹ̀bẹ̀.

A pinnu láti ta ilé bàbá wa. Alágbàtà tí ó ń bá wa wá oníbàárà sọ pé bí ilé náà ṣe wà yẹn, kò sí ẹni tí yóò yà wò ó. Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ ra ilé láyé ìsìnyí, iná tílé ń jẹ ló kọ́kọ́ ń bi mí, kì í ṣe iye yàrá." Nítorí náà ni a ṣe fi rọ́bà tuntun sí etí gbogbo fèrèsé, tí a pààrọ̀ àwọn gílóòbù, tí a sì kun òrùlé ní funfun kí oòrùn má baà máa wọlé bí ó ṣe wù ú. Èmi ni wọ́n ní kí n dúró ti àwọn òṣìṣẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé n kì í gba iṣẹ́ jákujàku.

Aṣàyẹ̀wò kan wá pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ó ń fi àwọ̀ hàn ibi tí ooru pọ̀ sí. Gbogbo àjà ilé ni ó jẹ́ búlúù, àfi ti yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀yin àti ọmọ sùn sí fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí ọkọ yín ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, tí ó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Pupa ni ibẹ̀, pupa tí ó ń dẹ́rù bani. Ọ̀gbẹ́ni náà yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ fi sínú ààrò yìí?" Mo ránṣẹ́ pe káfíńtà.

Káfíńtà gun orí àjà lọ wò ó. Òun kan náà ni ó kan òrùlé yẹn ní ọdún tí ó ṣáájú ìgbéyàwó yín. Ó pariwo láti òkè: "Àǹtí Tíṣà! Kò sí fóòmù kankan níbí o! Àbí ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí n dúró síbi ògiri yìí nígbà tí fóòmù tó ń dènà ooru ò kárí. Ẹ ní ta ló ń sùn níbẹ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni lójú tirẹ̀.

Mo ti gbàgbé lóòótọ́. Bóyá ẹ óò gbà mí gbọ́, bóyá ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé iye ìgbà tí ẹ sọ fún mi pé yàrá náà ń gbóná jù, tí ẹ fi ara ọmọ tí ó sú láti ọrùn dé ìdí hàn mí. Mo ní ìráhùn ni. Nígbà tí ẹ ra ẹ̀rọ amúlétutù, tí ìwé iná sì ń lé sí i lóṣooṣù, èmi ni mo sọ yín ní "Ìyàwó Amúlétutù", tí àwọn ará àdúgbò fi gbà á lẹ́nu mi. Èmi náà ni mo dìde ní pálọ̀ bàbá yín, tí mo ní, "Ìnákúnàá obìnrin yìí ni yóò tú ilé àbúrò mi ká." Bàbá yín wolẹ̀. Ẹ̀yin kò fèsì, nítorí wọ́n kọ́ yín pé ẹ kò gbọ́dọ̀ já àgbà nírọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹrù yín jáde.

Kí káfíńtà tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo wọ yàrá náà ní agogo méjì ọ̀sán, mo ti fèrèsé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jókòó. N kò lè lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ó sì tẹ́ fóòmù náà, òwúrọ̀ kan péré ni ó gbà á.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn àbúrò mi méjèèjì. Èyí obìnrin bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó Amúlétutù! Yéè, mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá!" Ọkọ yín àtijọ́ ní, "Wọ́n ti tún un ṣe báyìí, àbí? Ó dáa. Ẹ sọ fún alágbàtà kó fi kún ohun tó máa polówó." Mo ní n kò ní fọwọ́ sí ìwé títà àfi bí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá yín, kí ó lọ kó ọ̀rọ̀ wa kúrò ní pálọ̀ wọn. Ó ní, "Àǹtí, ogún ọdún! Ẹ fi sílẹ̀ jàre."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi takú. Nígbà tí ó yá, agbẹjọ́rò ṣàlàyé pé nínú ìwé tí bàbá wa fi sílẹ̀, ọwọ́ ẹni méjì nínú àwa mẹ́ta ti tó. Wọ́n ta ilé náà ní Jímọ́ọ̀ tí ó kọjá. Ìṣojú mi ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Wọn kò tilẹ̀ bínú sí mi. Ọjọ́ náà ni mo mọ bí ó ti rí kí ènìyàn máa sọ òtítọ́ nínú ilé yẹn. Àwọn tí ó rà á ti yan yàrá ẹ̀yìn fún ìyàwó ọmọ wọn tí ó lóyún. Wọ́n ní òun ni ó tutù jù lọ.

Ẹnu mi nìkan ni ó kù mí kù. Ẹ kò ṣe ìnákúnàá rí. Èmi ni mo jẹ̀bi. Bí ẹ bá gbà mí láyè, n óò wá sí pálọ̀ bàbá yín ní Sátidé kejì oṣù tí ń bọ̀, n óò kúnlẹ̀, n óò sì sọ ọ́ sókè bí mo ti sọ ti àkọ́kọ́ sókè.

Kí Olúwa fi ìtura sí ibùgbé yín. Kí ó dá ọmọ wa sí fún yín. Kí ẹ má tún bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò máa gbọ́ yín tí kò ní gbà yín gbọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ yín nígbà kan rí,
Àǹtí Tíṣà.

Àfikún: Ẹ má torí ọ̀wọ̀ àgbà fèsì lẹ́tà yìí. Bí n kò bá gbúròó yín, n óò mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ rí mi, n kò sì ní pè é ní àìmọ̀wàáhù.