Ọ̀fófó Tó Wà Níbàdí Mi

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù karùn-ún, 1985

Dókítà Dúródọlá, obìnrin tí a ń pè ní Tàǹtí, dé láti Kútọnu. Wọ́n fẹ́ mọ bí ọkàn àwa tí à ń múra ìdánwò bákì, ìdánwò àṣejáde, ṣe ń lù. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wáyà mẹ́ta láyà, àpótí kékeré níbàdí, kásẹ́ẹ̀tì ń yí nínú rẹ̀. Títí di Ọjọ́bọ̀. Kí n máa kọ ohun tí mo bá ń ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sínú káàdì. Mo ti sọ àpótí náà ní Ọ̀fófó.

Mo ti gbà kí n tó rántí Banikanni. Orí mi kò pé!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Ìwé, pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Adéwálé wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé Ìyá Àràmọ́tù ní àdúgbò Banikanni. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní yunifásítì. Àwọn ṣọ́jà ń wá a. Ní mídì, ọ̀sán gangan, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ, mo sì ń kọjá níwájú àwọn ṣọ́jà.

Mo kọ sí káàdì: mídì — mo ń sùn.

Ọjọ́rú, 22

Mo ń sùn. Irọ́ kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 23

Ìdánwò ìṣirò. Òjò lórí páànù. Láti ojú fèrèsé, bí àlá, mo rí Adéwálé tó ń rìn lórí àwọn igi máńgòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ewé, ẹlòmíràn kankan kò rí i. Mo ṣì rí ìdáhùn kọ.

Ní mídì, ní Banikanni, Adéwálé gbé etí lé Ọ̀fófó, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ?" Àfẹ̀mọ́júmọ́ Àbámẹ́ta ni yóò gba ọ̀nà igbó lọ sí Nàìjíríà. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Dókítà tẹ́ bébà gígùn tí wọ́n ya ìlù ọkàn mi sí sórí tábìlì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń dúró dè é, ọ̀gá tó ń kọ orúkọ ránṣẹ́ sí àwọn ṣọ́jà. Níbi ìṣirò, ìlà náà tẹ́jú. Ní mídì, ọjọ́ mẹ́ta, òkè lórí òkè.

Wọ́n ní, Adépéjú, ṣé ẹni tó ń sùn rèé?

Mo ní, Tàǹtí, ẹnì kan tí mo fẹ́ràn ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ojú mi, ẹ̀rín náà tán. Wọ́n mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n gé mídì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò. "Kásẹ́ẹ̀tì a máa bàjẹ́. Gbé e fún ẹni tí o fẹ́ràn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Ó ti lọ. Ó ká bébà náà sínú fìlà rẹ̀.

Mídì. Mo ti bu oúnjẹ rẹ̀ kí n tó rántí. Kò sí Ọ̀fófó níbàdí mi mọ́. Mo fi ọwọ́ lé àyà — ó ṣì ń sáré lọ sí Banikanni.