Ohùn Tí Kì í Ṣe Tèmi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Wọ́n mú ìwé mi! Ẹgbẹ́ òǹkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá — tí mo ti ń ka ìwé ẹlòmíì, tí mò ń sọ èrò mi jẹ́jẹ́, tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé èmi náà ń kọ̀wé — àwọn ló mú ìwé mi, Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn, fún oṣù yìí. Tíṣà ló kéde ẹ̀. Tíṣà ni mò ń pe ìyá tó ń bójú tó ẹgbẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n tí o bá kọ gbólóhùn tí kò délẹ̀ síbẹ̀, á dá a padà fún ọ láti tún un kọ.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan nílé ìfọṣọ nígbà tí fóònù gbọ̀n lápò mi. Mo kà á. Mo tún un kà. Òórùn ló jí mi. Kọ́là ti jó. Ọ̀gá wa pariwo lé mi lórí, mò ń rẹ́rìn-ín. Ó bi àwọn yòókù bóyá ara mi yá.

Ara mi yá. Ara mi ò yá báyìí rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Wọ́n ń jà lórí ìwé mi! Ìparí rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ti sá kúrò nílé padà dé, ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ wò ó lójú fèrèsé, ó sì fa kọ́tìnì. Ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó parí. Wọ́n ní ṣé ìyá dárí jì í ni, àbí kò dárí jì í?

Ọkùnrin kan tó ń wa tírélà, Awakọ̀ ni gbogbo wa ń pè é, ní ìyá yẹn burú. Ẹlòmíì ní kó dákẹ́, pé kò mọ ohun tójú ìyá náà ti rí. Mo ti jẹ́wọ́ fún wọn pé èmi ni mo kọ ọ́; mò ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lórí ìwé, ẹnu mi mú bí abẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kì í bá wọn jà. Òjìji ló ń pe ara rẹ̀. Ó kọ̀wé sí èmi nìkan: “Ẹ ṣé tí ẹ ò jẹ́ kí ìyá yẹn ṣílẹ̀kùn. Èmi náà jókòó síta rí. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn ṣáá ni.”

Tó bá jẹ́ pé ẹni kan ṣoṣo yìí ni mo kọ ọ́ fún, ó tó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Wàhálà dé. Awakọ̀ ló dá a sílẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ dalẹ́ ojú òun wà lójú títì, etí òun nìkan ló ṣófo, kí òǹkọ̀wé wá ka ojú ewé kan fún wọn, kí àwọn gbọ́ ohùn ẹ̀. Inú gbogbo wọn dùn sí i. Tíṣà ti mú ọjọ́: Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Ó bi mí bóyá màá lè wá.

Akólòlò ni mí. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó bá fi “b” bẹ̀rẹ̀ ló máa ń há mi lọ́fun jù, lẹ́yìn náà “k”. Nígbà míì, á dà bíi pé ẹnì kan di ọ̀nà ọ̀fun mi mú, tó sì ń wò mí lójú.

Láti kékeré, àǹtí mi ló ń bá mi sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Níléèwé, nílé ìwòsàn, títí dé iwájú ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́. Tí mo bá ti ń jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan, á bá mi parí ẹ̀. Agbẹnusọ ni mò ń pè é nínú ọkàn mi. Kò mọ̀. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n lè bínú.

Mo dá Tíṣà lóhùn: Màá wá. Mo yára fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mò ń kà á sókè níbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ ń pariwo, èmi náà ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́. Àfi Ìyá Sítáàṣì, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó ní ta ni mò ń bá jà láti àná. Mo ní Bàbá. Òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lójú ewé tí mo fẹ́ kà. Ta ni ó rán mi níṣẹ́ kí n fi Bàbá bẹ̀rẹ̀ orí ìwé?

Mo lè pààrọ̀ ẹ̀. Mi ò ní pààrọ̀ ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó bàjẹ́. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Àǹtí mi wá láti jókòó tì mí. Mo gbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, àwa méjèèjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn èèyàn pé jọ. Tíṣà kí mi káàbọ̀, ó ní ó yá, kí n máa kà á. Mo la ẹnu. B— Ó há. Mo gbìyànjú. Ó há. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ẹnì kan ní, “Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?”

Ọwọ́ àǹtí mi ti dé orí fóònù. “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o, ẹ má bínú! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo yín!”

Ó sì kà á. Ó kà á dáadáa, Ọlọ́run mọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tó yẹ, ó dúró níbi tó yẹ. Èmi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi bí àlejò. Wọ́n ń pè é lórúkọ mi, ó ń jẹ́ ẹ.

Awakọ̀ wá béèrè ọ̀rọ̀ ìyá yẹn. Ṣé ó dárí jì í? Mo mi orí fún àǹtí mi. Kò wojú mi. Ó ní, “Ó dárí jì í kẹ̀! Ṣé ìyá kọ́ ni? Ó lọ wá kọ́kọ́rọ́ ni.” Ariwo ayọ̀ sọ. Ẹnì kan ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àǹtí mi ò tíì ka ìwé yẹn dé ìdajì.

Nígbà tó parí, ó gbá mi mọ́ra. Ó ní, “Ṣó o rí i? Mo ti bá ẹ yanjú ẹ̀.” Mo ní ẹ ṣé, mà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjìji kọ̀wé. “Mo gbọ́ yín lánàá. Ó lọ wá kọ́kọ́rọ́. Ó dáa. Ìyá tèmi ò lọ wá nǹkan kan. Mo ti rò pé ẹ mọ bó ṣe rí ni. Ẹ má bínú, mo ti pa ìwé náà dé.”

Mo fèsì. Kò wọlé. Ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo jí pẹ̀lú ìbínú, mo kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Pé ìyá kò dárí jì í. Pé kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan. Pé ohùn tí wọ́n gbọ́ kì í ṣe tèmi.

Mo ti dé ẹnu iṣẹ́ kí èsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ fèsì: “Ta nìyí? Òǹkọ̀wé tí a fi etí ara wa gbọ́?” Òmíràn ní wọ́n ti jí àkáǹtì òǹkọ̀wé gbà. Tíṣà ní kí ojú ti ẹnikẹ́ni tó bá ń lo orúkọ ọlọ́rúkọ. Lẹ́yìn náà, ojú fóònù mi ṣófo. Ó ti yọ mí.

Wọ́n lé mi jáde nítorí pé mo ń ṣe bí ẹni tí mo jẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá Sítáàṣì gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ fẹ́ atẹ́gùn síta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo lọ sílé àǹtí mi. Ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ ẹ̀. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun á bá Tíṣà sọ̀rọ̀ lọ́la, á tán síbẹ̀. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní kí ni mo fẹ́ ṣe nígbà náà? Ṣé kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ó ní ṣé mo ti gbàgbé àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí wọ́n máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà láti sín mi jẹ? “Ta ló nu omijé ojú ẹ nígbà yẹn?”

Òun ni. Mi ò gbàgbé.

Mo fẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ há. Ó ti ń bá mi parí ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè láti dá a dúró. Mi ò gbé ọwọ́ sókè sí i rí láyé mi. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde: Wọ́n lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni kí wọ́n fi ṣe é.

Ó padà sídìí aṣọ tó ń ká. Kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Nọ́ńbà Tíṣà wà lójú ìwé ẹgbẹ́. Mo fi ohùn mi ránṣẹ́ sí i. Mi ò gé nǹkan kan kúrò. Èmi ni mo kọ ọ́, akólòlò ni mí, àǹtí mi lẹ gbọ́. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ, ni mo fi fóònù sábẹ́ pílò bí ẹni pé ó máa gé mi jẹ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kò fèsì.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ó pè mí! Mo sáré jáde sẹ́yìn ilé ìfọṣọ, láàárín àwọn agolo ọṣẹ. Kò kí mi gan-an. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo lòun ní: kí ló dé tí ọmọ yẹn fi kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí kò kan ti iwájú?

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni ì bá mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ṣùgbọ́n “k” ni. K— Mo ń jà. Tíṣà kò mí kanlẹ̀. Kò ní “ẹ fara balẹ̀”. Kò bá mi parí ẹ̀. Ó kàn wà níbẹ̀.

Mo sọ fún un níkẹyìn: kí àwọn aládùúgbò má baà rí i. Torí ìyá rẹ̀ ni ojú fi ń tì í, kì í ṣe torí ara rẹ̀.

Ó wá ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.” Ó ní òun á gbà mí padà sínú ẹgbẹ́, kí n wá lọ́la, ní ìrọ̀lẹ́, kí n kà á fúnra mi. Òun á sọ fún wọn pé a máa jókòó pẹ́ díẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wá Òjìji. Ó ní òun á gbìyànjú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Èmi nìkan ni nínú yàrá. Mo ti ilẹ̀kùn.

Mo kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún wọn. Pé àǹtí mi ni wọ́n gbọ́, pé ó fẹ́ràn mi, pé kò tíì ka ìwé náà tán. Àwọn kan bínú. Mo ń rí orúkọ wọn bó ṣe ń pòórá lójú fóònù. Mo fẹ́ sọ pé ẹ má lọ, ó há, wọ́n sì lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀. B— Bàbá. Mo gba òkè ẹ̀ kọjá bí ẹni gun ògiri. Gbólóhùn àkọ́kọ́, ìkejì. Àárín ẹ̀ ni mo wà tí Awakọ̀ fi ní, “Ẹ dúró ná.”

Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnì tí màá fi jáde.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n páàkì. Ariwo ẹ́ńjìnnì yìí ń bò yín mọ́lẹ̀.” A gbọ́ bó ṣe ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó pa á. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. “Ó yá, òǹkọ̀wé. Mò ń gbọ́.”

Mo kà á tán. Aṣọ mi tutù fún òógùn. Awakọ̀ bi mí ní ìbéèrè ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní: “Kò dárí jì í.” Ó jáde gbọọrọ, kò há níbì kankan, ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu.

Obìnrin kan ní ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dùn ju èyí lọ. Mo ní ó dùn jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo kọ. Ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn.

Lẹ́yìn ìpàdé, ìwé kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Òjìji. Tíṣà ti rí i. “Mo wà níbẹ̀. Mo ti ṣí ìwé náà padà.”

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Àǹtí mi wá láàárọ̀. Kò jókòó. Ó ní òun wà nínú ìpàdé yẹn lánàá, òun fi orúkọ ọmọ òun wọlé. Ó ní òun fi ọwọ́ bo ẹnu ara òun títí ó fi parí.

Ó ní, “Gbogbo ọ̀rọ̀ tó há ẹ lọ́fun ni mo bá ẹ parí nínú yàrá mi. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, mo parí ẹ̀ sódì.”

Ó wá jókòó. Ó bi mí bóyá mò ń bínú sí òun.

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà há. Ó ń wò mí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fi eyín dì í mú. Ó dúró.