Ta Ló Sọ̀rọ̀ Fèrèsé Mi?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnu yín ò ní gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Bàtà ni mò ń ṣe. Ọkùnrin kan tí òun náà ń ṣe bàtà gba ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára iṣẹ́ mi. Mo bá kan fèrèsé mi pa. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti ṣí agolo gọ́ọ̀mù, orí á máa fọ́ mi, òòyì á máa kọ́ mi. Tí mo bá délé, ara á yá. Kì í ṣojú lásán!

Mo lọ sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan wo gọ́ọ̀mù tó gbẹ mọ́ mi níka, ó ní, "Bàbá, òórùn rẹ̀ ló ń ṣe yín. Ẹ ṣí fèrèsé yín."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mi ò dárúkọ fèrèsé fún un rárá. Ta ló rán an sí mi?