Ọjọ́ Kan Ṣoṣo tí Olóògbé Edna Crabtree Kúrò Nínú Àjọ

Ìyá ìyá rẹ̀, Martha, ṣì wà láyé, ó sì ń ranwú, nígbà tí wọ́n bí olóògbé ní Rochdale, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1948, sínú ìdílé Ogden, ìdílé ahunṣọ.

Lọ́dún 1961, ilé iṣẹ́ aṣọ ní kí bàbá rẹ̀ lọ sinmi ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fi tún ẹ̀rọ ṣe. Ìgbà tó padà dé, ẹlòmíràn ti wà nídìí ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti ní "fúngbà díẹ̀" lójú Edna, ó fẹ́ jalè ni.

Ó fẹ́ Stanley Crabtree, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, lọ́dún 1970. Ó kọrin ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Kódà ó máa ń yẹ ìwé orin wò bóyá wọ́n fo ẹsẹ kan.

Ọdún 1976 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́nu fèrèsé tí wọ́n ti ń gba orúkọ aláìsàn ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Ó di alábòójútó. Lọ́dún 2007, àwọn dókítà gbà á sínú àjọ tó ni ilé ìwòsàn náà, bí kò tilẹ̀ ṣe dókítà, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó idẹ ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, owó ìfẹ̀yìntì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òfin ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ kúrò nínú àjọ fún odidi ọjọ́ kan kí owó náà tó lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún gbà á padà. Dókítà Pilling, ọ̀kan nínú àwọn dókítà àjọ náà, gbé ìwé wá kó fọwọ́ sí i.

"Ọjọ́ kan péré ni, Màmá. Lọ́jọ́ kejì ẹ ti padà."

"Ọjọ́ kan náà ló tó ẹni tó fẹ́ gba àga mi. Ìwọ kọ́kọ́ jáde ná, kí n wo bí wọ́n ṣe ń padà wọlé."

Pilling rẹ́rìn-ín. Edna kò rín. Ọdún márùn-ún ni ìwé náà fi wà lábẹ́ agolo bisikíìtì. Stanley bẹ̀ ẹ́ títí: "Ìyàwó mi, ọjọ́ tó yẹ ká fi jókòó létí òkun lo fi ń ṣọ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn." Ìgbà tí àwọn dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé yóò padà ló tó fọwọ́ sí i.

Ó fi Stanley sílẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Keith àti Janice, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ni ọjọ́ kan ṣoṣo tó kúrò nínú àjọ náà. Stanley rò pé ọjà ló lọ. Òdìkejì ilé ìwòsàn ló wà nínú mọ́tò, pẹ̀lú tíì nínú fúláàsì, tó ń wò bóyá ẹnikẹ́ni yóò tú pátákó idẹ náà. Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì kan rí i tó forí ti gíláàsì. Dókítà Pilling sáré kọjá títì, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Orúkọ yín ṣì wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ wò ó."

A kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ kí ẹ̀mí rẹ̀ tó bọ́. Bóyá ó gbọ́, tí kò gbà.

Edna, sùn wàyí. Má ṣọ́ ilẹ̀kùn mọ́.