Mo Pa Ohùn Ẹ̀rọ Náà

Ọmọ mi Adúmáadán,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín láìsí ibà, láìsí ẹ̀fọ́rí. Ara èmi náà le, àyàfi orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu, àti ọ̀gá ilé-ìwé wa tó ń yọ mí lẹ́nu ju orúnkún lọ. N kò pè ọ́ lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn, wàá sì máa já lu ọ̀rọ̀ mi.

O rántí bí mo ṣe fàáké kọ́rí nígbà tí wọ́n kó ìwé kíkà kúrò ní kíláàsì mi, tí wọ́n kó ẹ̀rọ ìkàwé tí wọ́n ń pè ní tábúlẹ́ẹ̀tì, méjìlélọ́gbọ̀n, dé. Ìwọ lo bẹ̀ mí: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn dán an wò." Mo dán an wò nítorí tìẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi ìka kan ahọ́n kí n tó ṣí ojú ìwé, bí mo ṣe ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ni ojú ẹ̀rọ bá tutù, ni àwọn ọmọ bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n lò. Àwòrán etí kan wà ní igun rẹ̀. Tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́, obìnrin kan á máa ka ìwé náà sí i létí. Èmi gan-an ni mo kọ́ wọn láti máa tẹ̀ ẹ́. Láàárín oṣù méjì, kíláàsì mi ló gba ipò kìíní nínú ìwé kíkà. Ọ̀gá yìn mí níwájú gbogbo olùkọ́, orí mi sì wú, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. O mọ àṣà mi: mo máa ń ní kí ọmọ ka ojú ìwé láti ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí ẹni tó há a sórí kò ní lè ṣe é. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, n kò ṣe é mọ́. Mo rò pé ó ti di ti ayé àtijọ́. Lọ́jọ́ kan mo pa ohùn ẹ̀rọ, mo ní kí wọ́n kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọmọ mọ́kàndínlógún kò lè ka ìlà kan. Ohùn obìnrin yẹn ni wọ́n há sórí. Ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi fún wọn ní máàkì! Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sunkún.

Mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo kíláàsì mi ní Ọjọ́bọ̀. "Ìyá wa, ẹ ò gbọ́dọ̀ pa ohùn yẹn o. Tẹ́ ẹ bá bà á jẹ́, ilé ìkẹ́rùsí lẹ ti máa lo ọdún méjì tó kù kí ẹ tó fẹ̀yìn tì."

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí àwọn àlejò jókòó tán, mo pa ohùn ẹ̀rọ, mo ní, "Ẹ kà á láti ìsàlẹ̀." Ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó fi ìka méjì fẹ lẹ́tà títí ó fi tóbi, ó sì kà á dé òkè. Ìwé wa àtijọ́ kò ṣe èyí fún un rí, mo gbà. Àwọn mọ́kàndínlógún ń wolẹ̀. Òógùn bo ọ̀gá. Mo sọ fún àwọn àlejò pé àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Èmi ni mo kọ́ wọn ní gbígbọ́, tí mo pè é ní kíkà.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá fún mi ní ìwé pé kí n kúrò ní kíláàsì. Ó ní tí mo bá tọrọ àforíjì, òun á fà á ya. Mo ní n kò tọrọ. Mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí lọ́wọ́ rẹ̀. Àga tí eruku bò ló kún ibẹ̀. Mo nu mọ́kàndínlógún, mo tò wọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n lu aago àtilọ sílé, gbogbo àwọn ọmọ mọ́kàndínlógún tí mo ránṣẹ́ sí ló wá, tàwọn ti tábúlẹ́ẹ̀tì wọn. Ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ. Mo ní kó fa àga kan, kó jókòó, ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ àti ilé rẹ. Ojú kò ní tì ọ́ níbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ rẹ á mọ̀wé ju èmi lọ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì tọrọ àforíjì.

Àfikún: Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí mo lè gbà ti ohùn ẹ̀rọ yìí pa, tí ọ̀gá kò fi ní lè ṣí i? Fi ránṣẹ́ kíákíá. Orí bébà ni kí o kọ ọ́ sí.