Bàbá Mi, Ẹ Kọ Lẹ́tà Lórúkọ Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kí yín yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi. Màámi, ẹ kú ilé, ẹ kú wàhálà gbogbo wa. Ìyá Àgbà, mo kí yín, mo gbọ́ pé ìrora orúnkún yín ti ń dẹwọ́ díẹ̀. Ayọ̀délé àbúrò mi, mo kí ìwọ náà. Tí wọ́n bá ń ka lẹ́tà yìí, má ṣe jáde, torí ọdún tó ń bọ̀ ni ìwọ náà á ṣe ìdánwò JAMB.

Bàbá, mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ò gbé e. Mo kọ̀wé sílé, Ayọ̀délé ní ẹ fi sáàárín Bíbélì, ẹ ò tú u. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé èyí fún ìwé ìròyìn tí ẹ máa ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ibi ìkéde òkú. Ẹ ó rí mi níbẹ̀.

Nítorí àwọn tí kò mọ̀ wá, ẹ jẹ́ kí n sọ pé bàbá mi ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Òfin ni wọ́n fẹ́ kí n kà. Èmi náà fẹ́ ẹ, torí mi ò mọ nǹkan míì téèyàn tún lè fẹ́. Máàkì mi ò tó, yunifásítì wá fún mi ní filọ́sọ́fì. Bàbá, ẹ ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀, pé tó bá di ọdún kejì a ó wá bí a ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀. Nínú mọ́tò tó gbé mi láti Ṣakí, obìnrin tí mo jókòó tì bi mí pé kí ni mo ń lọ kọ́ ní Ìbàdàn. Mo ní Òfin ni. Títí a fi sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́níyà ló ń súre fún mi, ojú sì ń tì mí. Mi ò ní purọ́ fún yín, Bàbá, èmi ni mo kọ́kọ́ pa irọ́ náà.

Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Olùkọ́ wa kan bi wá bóyá ó tọ́ kí á fìyà jẹ gbogbo èèyàn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan. Ọjọ́ tí aago ọwọ́ yín sọnù ní kíláàsì kẹrin ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ na gbogbo wa, èmi ọmọ yín náà ò yọ sílẹ̀, ẹgba mẹ́fà mẹ́fà. Mo bi yín nígbà náà pé kí ni àwọn tí kò jí i ṣe. Ẹ fi méjì kún tèmi. Mo nawọ́ ní kíláàsì ọjọ́ yẹn, mo bi olùkọ́ náà ní ìbéèrè kan náà. Ó ní kí n bọ́ síwájú, kí n sọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀. Ó ta kò mí, mo dá a lóhùn, ó tún ta kò mí, títí àkókò fi tán. Nígbà tí mo jáde, mo ṣì ń bá a jiyàn lọ́kàn mi. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fẹ́ Òfin mọ́. Mo pè yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mo sọ fún yín. Ẹ ní a ó rí i.

Ẹ má rò pé ayé ń dẹ̀ mí lọ́rùn níbí. Tí òjò bá rọ̀ ní Àgbowó, iwájú ilé wa a di odò, ọwọ́ la máa ń gbé bàtà sí. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà, mo ń ṣe fọ́tókọ́pì títí apá á fi máa ro mí. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, torí mi ò fẹ́ máa da Màámi láàmú. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń le jù. Mo rí ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Bódìjà, orin tí a ń kọ nílé ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n tí a bá túká, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi. Mo fara da gbogbo rẹ̀, torí mo mọ ohun tí mo ń wá.

Nígbà tí mo wálé fún Kérésìmesì, akọ̀wé ìjọ ń ka orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní yunifásítì. Nígbà tó kàn mí, ó pè mí ní lọ́yà wa. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo wojú yín, Bàbá. Ẹ̀yin náà ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a délé tí mo bi yín, ẹ ní ohun tó lè yé wọn ni ẹ sọ fún wọn. Mo dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á.

Mi ò mọ̀ pé ìyẹn gan-an ò tíì tó yín.

Oṣù tó kọjá, ọ̀gá ẹ̀ka wa ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin àgbà ni wọ́n, wọn kì í gbóhùn sókè. Wọ́n na ìwé kan sí mi. Ìwé náà sọ pé èmi Tinúkẹ́ ò lè máa bá ẹ̀kọ́ mi lọ mọ́, pé ara mi ò dá, pé ọpọlọ mi ò gbé iṣẹ́ náà, kí wọ́n jọ̀wọ́ yọ orúkọ mi kúrò. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀, wọ́n ti bá mi fọwọ́ sí i. Ọ̀gá wa ti gbé ìwé ìdánwò mi tì í, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ìkọ̀wé wé ara wọn. Ọwọ́ kan náà ni. Báwo ni kò ṣe ní jọra? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwé kíkọ. Ẹ̀yin lẹ di ìka mi mú mọ́ pẹ́ńsù títí mo fi ń kọ bíi yín. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé ìlà ti inú lẹ́tà náà ń gbọ̀n díẹ̀, bí ọwọ́ yín ṣe ń ṣe láti bí ọdún méjì sẹ́yìn.

Wọ́n bi mí pé, "Tinúkẹ́, ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí nìyẹn. Tí mo bá ní rárá, wọn á béèrè ta ni. Mo ti ka ojú ewé tó pọ̀ lórí irọ́ àti òtítọ́ nílé ẹ̀kọ́ yìí, kò sí ọ̀kan tó wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin nìkan ni mo ń rò.

Mo ní, "Rárá, mà. Bàbá mi ló kọ ọ́."

Ẹkún gbọ̀n mí. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán. Wọ́n wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni kéèyàn máa fọwọ́ síwèé lórúkọ ẹlòmíì, ṣùgbọ́n àwọn ò ní gbé e lọ síbì kankan. Wọ́n fi lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n tì í pa, wọ́n ní kí n máa lọ sí kíláàsì, torí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀, sí ọ́fíìsì Bọ̀dá Gbénga àbúrò yín, torí akọ̀wé ẹ̀ka wa ti sọ fún mi pé ọkùnrin kan tó ní mọ̀lẹ́bí mi lòun ló mú lẹ́tà náà wá. Wọn ò jiyàn. Wọ́n ní àwọn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi mú un wá. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi. Ta ni mo fẹ́ máa bi ní ìbéèrè?" Wọ́n ní kí n jókòó, káwọn ránni lọ ra oúnjẹ wá. Mi ò jẹun.

Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní mo dójú tì yín lójú àjòjì, ẹ sì pa fóònù kí n tó fèsì. Èsì mi rèé.

Kì í ṣe pé ẹ ò fẹ́ filọ́sọ́fì ló ń bí mi nínú. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti má fẹ́ ẹ. Ẹ ì bá wá, ẹ ì bá bá mi jà, kí ará ilé gbọ́, kí ará àdúgbò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ fi ọwọ́ tí ẹ fi kọ́ mi ní A, B, D kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ ọmọ yín ò pé tó. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi pé irọ́ ò dára lẹ gbé mi síbi tí mo ti ní láti yàn láàárín yín àti òtítọ́. Mo yan òtítọ́. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, mi ò sì ní tọrọ àforíjì fún un.

Màámi sọ fún mi pé ẹ ò lọ sí ìpàdé àwọn díákónì mọ́, pé inú yàrá lẹ máa ń wà. Inú mi ò dùn sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo tì yín mọ́bẹ̀.

Mo ti wọ ọdún kẹta báyìí. Orúkọ mi ò kúrò níbì kankan. Ayọ̀délé, nígbà tí fọ́ọ̀mù tìrẹ bá dé, ìwọ fúnra rẹ ni kí o kọ ohun tí o fẹ́ sínú rẹ̀.

Bàbá, tí mo bá wálé lọ́dún Àjíǹde, n ó dìde nínú ìjọ, n ó sọ ohun tí mo ń kọ́ fún wọn. Yóò wù mí jù kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Tí ẹ ò bá sì fẹ́ dúró dìgbà náà, ẹ wọ mọ́tò àárọ̀, n ó wá pàdé yín. Ẹ wá bá mi jà lójúkojú. Ẹ bi mí ní ohunkóhun, n ó dá yín lóhùn, èmi náà á bi yín, kò sì ní sí ẹgba níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ìjọ, tọmọdé tàgbà. Kí Olúwa dá yín sí fún mi, kí ẹ̀mí yín gùn tó èyí tí a ó fi ja ìjà yìí tán, tí a ó tún fi jókòó jẹun lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, tí inú ṣì ń bí,
Tinúkẹ́,
Àgbowó, Ìbàdàn.