Ẹ Jẹ́ Kí N Dárúkọ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, okun o.

Yàrá yín ni mo wà. Màmá ní ibẹ̀ ló tutù jù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé torí pé fèrèsé rẹ̀ ò kọjú sí títì ni. Láti àyà dé ẹsẹ̀, ara mi ti kú. Bí ẹ̀fọn jẹ mí, n kò mọ̀. Nǹkan kan sì fún mi láyà bí ẹni fi ọ̀já dì mí. Ṣé bó ṣe ṣe yín náà nìyẹn? Ẹ ò sọ fún wa rí. Iná mànàmáná lẹ ń bú pé kò mọ́lẹ̀ tó, àṣé ojú yín ló ń lọ.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gbọn kóró kajú sétí kí ẹ tó rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó gbẹ. Nígbà tí ojú fọ́, tí ẹsẹ̀ kọ̀, àwọn oníbàárà á dé, Màmá á ní ẹ ti lọ sí Ìsánlú. Ẹ̀yin á sì dùbúlẹ̀ síbí, ẹ ń gbọ́ ohùn wọn, ẹ ò gbọdọ̀ wúkọ́. Nígbà tí ẹ kú, ẹ̀jẹ̀ ríru la pè é.

Ní Ìlọrin ni wọ́n ti rí àìsàn tèmi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara ló ṣìnà, wọ́n ń jẹ ohun tó bo iṣan mi, bí eku ṣe ń jẹ rọ́bà ara wáyà. Ó ṣọ̀wọ́n débi pé ilé ìwòsàn kan ò lè dá rí aláìsàn tó pọ̀ tó, ni àwọn dókítà ìlú púpọ̀ bá para pọ̀ láti wádìí ẹ̀. Dókítà mi wà nínú wọn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan nínú ìdílé wa ti ṣe irú rẹ̀ rí. Kì í sábà kọjá láti ara òbí sí ọmọ, ìdí nìyẹn tí ibi tó bá ti ṣẹlẹ̀ fi ṣe pàtàkì sí wọn. Bí mo bá dárúkọ yín, wọn á fẹ́ yẹ gbogbo wa wò, títí kan Mọ́ríámọ̀, àbúrò mi.

Mọ́ríámọ̀ yín ti ń lọ sílé ọkọ. Àwọn àna láti Ekinrin-Adde ti wá wádìí wa: ṣé wèrè wà, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà, kí ló pa bàbá wa. Màmá dá wọn lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Lẹ́yìn náà ó jókòó síbi ẹsẹ̀ mi, ó ń bẹ̀ mí kí n panu mọ́ títí a ó fi so yìgì. Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dákẹ́, àwọn tó ń wá ìwòsàn ń fọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo tú ilé àbúrò mi ká kó tó kọ́ ọ. Inú ń bí mi sí yín, Bàbá.

Èmi àti Màmá rò pé Mọ́ríámọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ló lọ bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, tiyín àti tèmi. Látìgbà náà, ọmọkùnrin ọ̀hún ò pè, kò sì wá. Mọ́ríámọ̀ ń yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn mi má baà dégbò, ṣùgbọ́n kì í wo ojú mi.

Dókítà máa pè lọ́la. Kò sí ohun tó dí mi lẹ́nu mọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Màá sọ pé ojú yín fọ́, pé ẹsẹ̀ yín kọ̀, pé àwa la fi yín pamọ́.

Bí ẹ bá rí ọ̀nà, ẹ lọ jókòó ti Mọ́ríámọ̀ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, èmi ò sì lè dìde lọ bá a.

Ọmọ yín tó ń bínú, tó sì fẹ́ràn yín,
Àkọ́bí yín.